Kí Àmín Má Bọ́ Sílẹ̀

Ẹ dé ọjà Ìpàtá, kí ẹ béèrè ẹni tó ń gbàdúrà fún àwọn oníṣu. Èmi ni wọ́n á júwe fún yín. Mi ò fọ́nnu o. Ó dáa, mò ń fọ́nnu, ṣé ẹ ó mú mi ni? Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó já iṣu kankan sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Alájà Hadiza á kọ́kọ́ ṣe àdúà tàwọn Mùsùlùmí, gbogbo wa á ṣàmín. Èmi náà á wá ṣe tàwa onígbàgbọ́, gbogbo wa á tún ṣàmín. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó máa bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹnì kejì.

Àdúrà tèmi kì í gùn, mo sì ń fi ìyẹn yangàn. Àwọn kan wà ní ìjọ wa ládùúgbò Ṣàngó tó jẹ́ pé wọ́n ń júwe ilé fún Ọlọ́run bí ẹni ń júwe ilé fún ọlọ́kadà: "Olúwa, arábìnrin yẹn, èyí tó ń gbé ẹ̀yìn ilé epo, tí wọ́n kun géètì rẹ̀ ní pupa…" Háà! Ṣé Ọlọ́run ò mọ ilé rẹ̀ ni? Àwọn mìíràn á pe "Baba" títí, Baba níbí, Baba lọ́hùn-ún, àfi bíi pé òsúkè ló ń ṣe wọ́n. Èmi á pè é lẹ́ẹ̀kan: Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run. Màá dúpẹ́, màá sọ ohun tí mo bá wá, màá fi orúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa tì í. Ó parí. Alájà Hadiza máa ń sọ pé, "Àdúà Ìyá Tọ́pẹ́ kì í jẹ́ kí iṣu rà sórí ọkọ̀."

Mò ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí Alàgbà Olúwọlé wá bá nílé.

Tèmítọ́pẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Olùkọ́ ni, ó gbọ́n, ó lẹ́wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ n bẹ̀rẹ̀, torí mi ò ní tètè dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó mú Adéọlá wálé, mo wo ọmọkùnrin náà látòkè délẹ̀. Mo rí i pé ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, bí èmi náà ṣe jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìpàtá ló tọ́ mi dàgbà. Bàbá rẹ̀ wá ní òun á kọ́kọ́ wá kí mi lóun nìkan, kí ẹbí tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Bàbá yìí, Alàgbà Olúwọlé, òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní àdúrà gbígbà ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ìṣirò. Bó ṣe jókòó tán ló ti bẹ̀rẹ̀: "Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Baba là ń bá sọ̀rọ̀, Ẹ̀mí ló ń ràn wá lọ́wọ́, orúkọ Ọmọ la fi ń wọlé. Àdúrà tí ò bá gba ibẹ̀ yẹn, ariwo lásán ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tó sọ kò burú, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń gbà á. Ó jẹ iyán, ó yin iyán. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí n fi àdúrà sin òun. Inú mi dùn! Mo dìde, mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo gbé e kalẹ̀ létòlétò, mo fi orúkọ Jésù tì í. Nígbà tí mo máa lajú, ojú bàbá ti yí padà bí ojú ẹni tó jẹ òkúta nínú ẹ̀wà. Ó kí mi wàrà-wàrà, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Mo rò pé iyán ló ń dà á láàmú nínú.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Tèmítọ́pẹ́ wá bá mi lọ́jà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jókòó sórí àpótí.

Mo ní, "Ta ló kú?"

"Màámi, ẹnikẹ́ni ò kú. Bàbá Adéọlá ní àwọn ò wá mọ́."

"Nítorí kí ni?"

"Wọ́n ní ẹ fọwọ́ ra ojú."

"Ojú ta ni?"

"Ojú yín. Lẹ́yìn tí ẹ gbàdúrà tán. Wọ́n ní ẹ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi ra ojú láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe."

"Irọ́ ńlá! Èmi? Nínú ilé mi?"

Ọmọ náà wò mí. "Màámi, ẹ máa ń ṣe é. Ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe é. Ẹ ń ṣe é lórí oúnjẹ. Ẹ ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ìjọ wa rò pé òógùn lẹ ń nù."

Ẹ gbà mí o! Mi ò mọ̀. Ojú mi ni, ọwọ́ mi ni, àwọn méjèèjì ti ń pàdé lẹ́yìn mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sí ẹni tó ta mí lólobó.

Tèmítọ́pẹ́ wá sọ ìyókù. Alàgbà ní, ẹni tó ti fi orúkọ Jésù ti àdúrà, kí ló tún ń fọwọ́ wá lójú? Ó ní òun ò lè kó ẹbí òun láti Ọ̀mù-Àrán wá sílé ẹni tí òun ò mọ ẹni tó ń ké pè dájú. Adéọlá bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún sí i lẹ́sẹ̀, kí bàbá tó rọ̀ díẹ̀. Ó wá ní ó dáa, àwọn á wá, òun fúnra òun ló sì máa gba àdúrà ìparí. Ṣùgbọ́n bí ìyá ìyàwó bá tún fọwọ́ ra ojú níṣojú àwọn ẹbí òun, àwọn á dìde ńlẹ̀, kí Adéọlá lọ wá ìyàwó níbòmíràn.

Mo bú u. Ẹ jẹ́ n má purọ́. Mo bú u ní Yorùbá, mo fi Hausa tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ Ìpàtá kún un. Mo ní kó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ, ṣé ọmọ tèmi ló ń ṣa ọkọ kiri ni? Ọ̀mù-Àrán kan náà la jọ ti wá, ta ló fi í ṣe asọ́bodè ọ̀run? Tèmítọ́pẹ́ jẹ́ kí n bú tán. Ó wá sọ ní jẹ́jẹ́ pé, "Màámi, mo fẹ́ràn rẹ̀."



Mo ro ó títí kí n tó rántí ibi tí ọwọ́ yìí ti kọ́ ìṣe. Tèmítọ́pẹ́ kò tíì máa rìn nígbà náà. Ilé kan náà lèmi àti Alájà Hadiza ń gbé, nítòsí Ọjà-Ọba, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Gìrì mú ọmọ náà lọ́sàn-án gangan, nínú ọyẹ́. Bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ọmọ le gbagidi, ojú rẹ̀ yí sókè. Mo kúnlẹ̀, mo pe Baba, mo pe Jésù, mo pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí wọ́n kọ́ mi, mi ò sì parí ìkankan. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, màá fi sílẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Alájà wọlé. Kò gba àdúrà náà mọ́ mi lẹ́nu o. Ó jókòó tì mí nílẹ̀, ó ní, "Ṣe tìẹ bí o ṣe ń ṣe é. Parí ẹ̀. Èmi á ṣàmín." Mo fi orúkọ Jésù parí rẹ̀. Ó ní àmín, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó fi wọ́n ra mí lójú, ó tún fi wọ́n ra ọmọ náà lójú. Ó ní, "O ti tọrọ. Gbà á báyìí, má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó yá, dìde, ká lọ sọ́sibítù." Òun ló gbé ọmọ sáré, èmi tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Àwọn ará ìjọ ní orúkọ Jésù ni. Mi ò bá àwọn náà jiyàn. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ tó lè ṣiṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀, èmi ò sì lè dìde títí Alájà fi fọwọ́ mi ra mí lójú. Ṣé àdúrà máa ń gbà? Ẹ má bi mí ní ìbéèrè àwọn pásítọ̀. Mo gbàdúrà fún bàbá Tọ́pẹ́ náà, orúkọ kan náà, ọwọ́ kan náà, ó kú. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tí mo fi àmín ra lójú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló di olùkọ́, tó jókòó sórí àpótí níwájú mi, tó ń sọ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin kan.

Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí ló gbé iṣu títí tí ọmọ yìí fi kàwé jáde. Bó bá lè gbé iṣu nítorí rẹ̀, ó lè jókòó jẹ́ẹ́ nítorí rẹ̀. Mo ní, "Sọ fún Adéọlá pé kí wọ́n máa bọ̀. Mi ò ní fọwọ́ kan ojú mi."

Mo rò pé yóò fò mọ́ mi. Kò fò mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màámi," ó sì ń wo ilẹ̀.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń dánra wò lọ́jà. Alájà Hadiza ṣe àdúà tirẹ̀, a ṣàmín, ọwọ́ gbogbo oníṣu gba ojú lọ. Èmi ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo dì í pọ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ṣòro tó! Imú ń yún mi, ìpéǹpéjú ń yún mi, bí ẹni pé èèrà ń rìn lójú mi. Alájà rí mi. Nǹkan kì í bọ́ mọ́ Alájà lójú.

"Ìyá Tọ́pẹ́, kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Ó ń ro mí, Alájà."

Ó fa ọwọ́ náà wá síwájú. Ó yọ òrí nínú ike kékeré tó máa ń gbé kiri, ó fi ń pa àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń tẹ ìka kọ̀ọ̀kan, ó ń ní Ọlọ́hun á fún un ní àlàáfíà, Ọlọ́hun ò ní gba ọwọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Kí ni n ó sọ fún un? Pé ohun tó fún mi lọ́jọ́ tí ọmọ mi ń kú lọ ti di ohun tí à ń fi pa mọ́ fún àlejò? Ó ṣì tún ń bi mí pé ṣé ìborùn funfun lòun á lò tàbí aláwọ̀ ewé, lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ òun. "Ọmọ mi" ló pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ọjọ́ pé. Pálọ̀ wa ní Ṣàngó kò tóbi, a yá àga lọ́dọ̀ aládùúgbò. Àbídèmí, àbúrò bàbá Tọ́pẹ́, ló ń ṣe agbẹnusọ fún wa. Àwọn ẹbí ọkọ ti Ọ̀mù-Àrán dé, wọ́n kún inú ilé, ọlọ́yàyà èèyàn ni wọ́n. Alájà Hadiza jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ìborùn funfun ló dà borí. Alàgbà Olúwọlé wo ìborùn náà, ó wo èmi náà, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti di ọwọ́ mi pọ̀ sábẹ́ ìborùn tèmi kí wọ́n tó kí ara wọn tán.

Ọ̀rọ̀ lọ dáadáa. Wọ́n bi wá bóyá a ní òdòdó kan tó wù wọ́n nínú ọgbà wa, Àbídèmí ní òdòdó wà o, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ìyá rẹ̀ mú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Tèmítọ́pẹ́ jáde, ó kí wọn, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi fún àdúrà ìparí. Alàgbà dìde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, bí mo tilẹ̀ bínú sí i: bàbá yẹn mọ àdúrà gbà. "Baba wa, Ọlọ́run wa," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, kò pariwo. Ó gbàdúrà fún ọmọ mi bí ẹni pé òun ló bí i. Ó ní wọn ò ní lé e jáde nílé ọkọ, ó ní omijé ò ní jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Mi ò retí ìyẹn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi. Ó ń ṣàn dé ẹnu, dé ọrùn, mi ò sì gbọdọ̀ nù ún, torí bí mo bá gbé ọwọ́ sókè báyìí, kí ni wọ́n á rò? Mo jẹ́ kó máa ṣàn.

"Ní orúkọ Jésù Kírísítì, Olúwa wa."

"Àmín!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ Alájà lọ sójú rẹ̀. Tèmi dúró síbi tó wà. Mo gbọ́ bí Alájà ṣe mí kanlẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti rí i, ó ti yé e pé kì í ṣe ríro ló ń ṣe ọwọ́ yìí láti ọjọ́ yẹn. Mo kú tán.

Ìgbà náà ni mo rí i tí ọwọ́ ọmọ mi wọ abẹ́ ìborùn mi. Ó ń tú àwọn ìka mi. Mo di wọ́n mọ́ra, mo mi orí fún un pé rárá. Kò gbọ́. Ó tú wọn, ó fa ọwọ́ mi méjèèjì jáde síwájú gbogbo èèyàn, ó tẹ́ wọn, ó sì gbé ojú rẹ̀ lé wọn. Ó fi wọ́n ra ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí àtíkè ojú rẹ̀ fi kún àtẹ́lẹwọ́ mi.

Obìnrin kan láàárín àwọn ará Ọ̀mù-Àrán ní, "Yéè." Àbídèmí ń húkọ́ tí kò ṣe é.

Alàgbà ní, "Tèmítọ́pẹ́. Kí lo ṣe yẹn?"

Kò dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbàdúrà, ẹ sì fi orúkọ Jésù parí rẹ̀. Mo gbà á ni. Mi ò fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀."

"O mọ ohun tí mo sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Màámi náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ṣe bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ni wọ́n fi ń bá mi gba gbogbo àdúrà láti kékeré. Mo fẹ́ràn ọmọ yín gan-an. Àmọ́ bí ẹ ò bá fẹ́ ọwọ́ yìí, a jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ èmi náà nìyẹn. Ẹ má bínú, sà."

Orí mi wú! Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ní ọmọ gbé tirẹ̀ wá ká wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọkọ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn, síbẹ̀ orí mi wú. Èmi tí mo rò pé mò ń fara mọ́ ìyà nítorí ọmọ, ọmọ ti kọ̀ fún mi.

Èmi ni Alàgbà ń wò. Ó wo omi tó ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, tó ti rin ọrùn aṣọ mi, ó wò ó pẹ́, ó wá yé e ìdí tí mi ò fi nù ún. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe yé e.

"Ìyá Tèmítọ́pẹ́," ó ní, "ẹ nu ojú yín."

"Mo ti ṣèlérí, sà."

"Mo mọ̀. Ẹ nù ún."

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì, tòun ti àtíkè ọmọ mi, mo fi nu ojú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá dúró kí n ṣe é tán. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà.

"Adéọlá, kí lò ń wò? Ṣé ìyàwó ẹ nìkan ni mo gbàdúrà fún ni? Wá kúnlẹ̀ síbí. Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ bá mi fi àmín tirẹ̀ náà ra á lójú, kó má bọ́ sílẹ̀."

Adéọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá lórí àga. Ó kúnlẹ̀ ti Tèmítọ́pẹ́, ó di ojú. Mo tẹ́ ọwọ́, mo ra á lójú dáadáa, mi ò fi ẹ̀gbẹ́ etí sílẹ̀. Àwọn ará Ọ̀mù-Àrán tún ṣàmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é.

Alájà Hadiza fi ìgúnpá tì mí.

"Ọwọ́ náà ti yá?"

"Ó ti yá, Alájà."

"Alihamdulilahi," ó ní, ó sì na tirẹ̀ láti bá mi fa Adéọlá dìde.